Àágùn àpọ̀jù lára ẹni tí ó ní HS: kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe nínú ooru Èkó yìí?

Àdùkẹ́_Marina

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni eéwo ti máa ń so sí mi ní abíyá méjèèjì àti ní ibi tí itan ti pàdé ara. Bí ọ̀kan bá ṣe ń jinná ni òmíràn ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpá wọn sì ti sọ awọ ibẹ̀ di kókó-kókó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń fi abẹ tú u fún mi láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, dókítà awọ ara kan ló wá sọ lọ́dún tó kọjá pé hidradenitis suppurativa, tí wọ́n ń gé kúrú sí HS, ni orúkọ àìsàn náà. Ó fún mi ní oògùn apakòkòrò àrùn méjì, doxycycline tí mò ń gbé mì àti omi clindamycin tí mo fi ń pa ojú ibẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé wíwú àti ìrora náà ti rọlẹ̀ gidigidi.

Àágùn ni kò rọlẹ̀. Ilé mi wà ní Ìyànà-Ìpájà, ibi iṣẹ́ mi sì wà ní Marina. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní CMS láàárọ̀, abíyá aṣọ mi ti rin gbingbin, bí mo bá sì wọ inú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kò ní kó má ṣàn síbẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ tí àágùn bá pọ̀ jù, tí awọ sì ń gbo awọ nínú ìhámọ́ danfó, ni kókó tuntun máa ń yọ. Aládùúgbò mi ní kí n máa fi álọ́ọ̀mù pa á. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ní kí n ra rólọ́ọ̀nù alágbára tí ó ní aluminium chloride nínú. Ilé ìṣaralóge kan sì ní àwọn lè gún mi ní Botox, abẹ́rẹ́ tí ń dá àágùn dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn rí, àti ẹ̀yin oníṣègùn àárín wa, èwo ni kí n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, èwo ni kí n má sì sún mọ́ rárá?

Ìyá_Ìdúmọ̀tà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ní tèmi o, ìmọ́tótó ni ìdí ọ̀rọ̀. Máa fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn bó abíyá rẹ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fá irun ibẹ̀ kanlẹ̀, kí o wá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti álọ́ọ̀mù pa á. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í rùn, eéwo kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Awọ

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ má bínú pé n kò ní lè gbà pẹ̀lú yín lórí èyí, nítorí ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn lè dára fún eéwo lásán, ṣùgbọ́n ó lè tú HS sílẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ ti ń rọlẹ̀.

Inú ihò tí irun ti ń hù ni HS ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ihò náà á nípọn, á sì dí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí tí yóò fi bẹ́ sí abẹ́ awọ, ètò ààbò ara á wá gbéjà ko ohun tí ó tú síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wíwú, ìrora àti ọyún ti ń wá, bí ó bá sì pẹ́ tí a kò tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà á là lábẹ́ awọ láti ojú egbò kan sí òmíràn. Kì í ràn, ìdọ̀tí kọ́ ló sì ń fà á. Mo ti rí aláìsàn tí ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ní kò mọ́ tó, kànìnkànìn náà ló sì ń bó o lára. Abẹ ìfárun náà máa ń ha ẹnu ihò irun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irun kúrú, kí ó fi kílípà gé e mọ́lẹ̀, kí ó má fá a. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, ásíìdì ni, a kì í da ásíìdì sójú egbò.

Ipa wo wá ni àágùn ń kó? Nígbà kan rí, àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé orísun àágùn ló bàjẹ́ nínú àìsàn yìí. Verneuil, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní ọdún 1854, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ihò irun ni. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ni wọ́n ń sọ ohun kan náà tí Àdùkẹ́ sọ, pé ooru àti àágùn máa ń jí i. Awọ tí omi rin ń rọ̀, ó ń wú díẹ̀, ó sì tètè ń bó nígbà tí awọ bá ń gbo awọ, ẹnu ihò irun tí ó ti fẹ́ dí tẹ́lẹ̀ á sì tún fún sí i. Nítorí náà ó tọ́ kí a tọ́jú àágùn náà, kò kàn gbọdọ̀ gba ipò ìtọ́jú HS fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ oògùn, Àdùkẹ́, ẹ dá mi lóhùn ná. Àágùn àpọ̀jù tí kò ní àìsàn mìíràn nídìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 25, ó máa ń wà ní ìhà méjèèjì bákan náà, ó máa ń wà nínú ìdílé, ó sì máa ń dáwọ́ dúró bí ènìyàn bá ti sùn. Bí ó bá jẹ́ pé òru ni aṣọ ibùsùn yín ń tutù, tàbí tí gbogbo ara ń làágùn tí ẹ sì ń rù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: a ó wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, a ó wá àìsàn táírọ́ìdì. A ó sì béèrè oògùn tí ẹ ń lò, nítorí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi sertraline wà lára ohun tí ń mú ènìyàn làágùn. Ṣé wọ́n ti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín rí?

Àdùkẹ́_Marina

Ẹ ṣé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Abíyá méjèèjì ni, láti ìgbà tí mo ti ń bàlágà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ìyá mi. Lóru, mo máa ń gbẹ pátápátá, àfi bí kò bá sí iná tí ooru mú gbogbo ilé. N kò lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, n kò mu sìgá, wọ́n sì wo ṣúgà mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n ní ó wà ní ibi tí ó yẹ. Mo sanra díẹ̀, wọ́n ti bá mi sọ ìyẹn.

Apòògùn_Súrùlérè

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, rólọ́ọ̀nù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni àwọn dókítà kọ́kọ́ máa ń dán wò. Aluminium chloride tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ni a mọ̀ jù fún abíyá. Iyọ̀ inú rẹ̀ á wọ ẹnu ọ̀nà tí àágùn ń gbà jáde, á sì dí i fún ìgbà díẹ̀ bí ìdérí ṣe ń dí ẹnu ìgò.

Ọ̀nà tí ènìyàn gbà lò ó ṣe pàtàkì ju irú èyí tí ó rà lọ. Alẹ́ ni à ń lò ó, nígbà tí a bá fẹ́ sùn, nítorí ìgbà yẹn ni àágùn abíyá kéré jù. Awọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó fi kàn án: ẹ má wẹ̀ tán kí ẹ sì fi í lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jókòó níwájú fáànù díẹ̀ ná, nítorí aluminium chloride tí ó bá pàdé omi máa ń di ásíìdì, ìyẹn sì ni ìtani tí àwọn ènìyàn ń sọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi omi ṣàn án kúrò. Ẹlòmíràn ń lò ó lálaalẹ́ títí tí àágùn fi dínkù, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ẹni tí ó ní HS kò gbọdọ̀ lò ó bí ẹni tí awọ rẹ̀ dán. Ẹ má fi kan ibi tí ó tú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí kókó ti ń gbóná lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi kan ibi kékeré kan ní abíyá kan ṣoṣo ná, kí ẹ wò ó di alẹ́ kejì. Èmi a máa sọ fún irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n fi alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró bí awọ bá pọ́n tí ó sì ń yún. Bí kókó bá yọ ní abíyá òsì, ọ̀tún nìkan ni kí ẹ máa lò ó fún títí òsì yóò fi rọlẹ̀. Ní ti ibi ìpàdé itan, awọ ibẹ̀ máa ń rin, ó sì tètè ń bó, ẹ má fi èyí tí ó lágbára tó báyìí kàn án láìjẹ́ pé dókítà yín sọ bẹ́ẹ̀.

Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń lò náà ní aluminium nínú, ẹnì kankan kò lè sọ pé àlá ni wọ́n ń lá. Ṣùgbọ́n òkúta rẹ̀ máa ń ní etí tí ó mú, ẹnikẹ́ni kò sì wọn iye tí ń wọ awọ. Àwọn ìpara olóòórùn dídùn tí a ń pè ní dìódóráǹtì náà, òórùn ni wọ́n ń bò, wọn kì í dá àágùn dúró. Lọ́fínńdà inú wọn sì lè bí awọ HS nínú. Bí òórùn bá ń yọ yín lẹ́nu, chlorhexidine ìdá 4 nínú 100 tàbí ọṣẹ tí ó ní benzoyl peroxide dára láti fi fọ ibẹ̀, ẹ sì rántí pé benzoyl peroxide máa ń bó àwọ̀ aṣọ àti táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí ẹ bá rà, kí ẹ sì sá fún àwọn ìpara àdàlú tí wọ́n ń ta lójú pópó, nítorí sítẹ́rọ́ìdì tí ó le ló pọ̀ nínú wọn, abíyá sì ni ọ̀kan nínú ibi tí awọ ti tètè ń tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀.

Aránṣọ_Múṣin

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ tèmi lé e, nítorí ìyàwó mi ní àìsàn yìí. Abíyá aṣọ tí ẹ ń gé fún mọ́ra ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Nígbà tí mo bá ń rán aṣọ fún un, mo máa ń fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin kún abíyá kí apá lè ní àyè láti gbéra láìjẹ́ pé ojú rírán ń gbo awọ, n kì í sì í fi poliẹ́sítà ṣe inú aṣọ. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bùbá àwọn àgbà wa kò ní wàhálà yìí rárá, kí á máa sọ òtítọ́. Àdùkẹ́, ẹ fi ṣimí òwú kan sínú àpò, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi ṣan abíyá tí ẹ sì nù ún gbẹ. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí ó ní irin lábẹ́ kò dára fún ẹni tí kókó rẹ̀ ń dé abẹ́ ọmú.

Kọ́lá_Àpápá

Ẹ kú iṣẹ́ o. HS ni tèmi náà, abíyá àti ìdí. Iṣẹ́ ẹrù ni mò ń ṣe ní èbúté Àpápá, kò sí rólọ́ọ̀nù tí ó dúró lára mi dé ago mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní oxybutynin, ó ní ó ń dá àágùn dúró nínú gbogbo ara, òótọ́ sì ni, ó dá a dúró. Ẹnu mi ń gbẹ ṣáá, bí oòrùn bá sì dé àtàrí, orí mi á fúyẹ́, ojú mi á ṣe bàìbàì. Ṣé kí n fara dà á? Ààwẹ̀ Ràmàdáànì náà ń bọ̀, n kò mọ bí mo ṣe máa lò ó.

Dókítà_Yábàá

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá oògùn yẹn dúró lónìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín.

Oxybutynin, tí a mọ̀ sí oògùn àpòòtọ̀, àti glycopyrronium tí ó jọ ọ́, ń ṣiṣẹ́ nípa dídènà acetylcholine, èyí tí iṣan ara fi ń pàṣẹ fún orísun àágùn pé kí ó ṣiṣẹ́. Àṣẹ náà kò yọ sí abíyá nìkan. Ẹnu ń gbẹ, ìgbẹ́ ń le, ìtọ̀ lè há, ojú lè ṣe bàìbàì. Ẹni tí ó ní irú glaucoma tí igun ojú ti há, tàbí ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń jáde pẹ̀lú ìnira, kò gbọdọ̀ lò ó. Èyí tí ó kàn yín jù ni pé àágùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ní Èkó, tí òkun àti ọ̀sà yí wa ká, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé àágùn kì í tètè gbẹ lára, nítorí náà ìtura tí à ń rí nínú rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún wá dá a dúró nínú gbogbo ara, tí ẹ sì ń gbé ẹrù nínú oòrùn, ooru á há sínú yín. Orí tí ń fúyẹ́ yẹn ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá tẹ̀síwájú dé ibi tí ọ̀rọ̀ ènìyàn ti ń dàrú tí ara sì ń gbóná janjan, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ìgbà ààwẹ̀ tí ẹ kò ní lè mu omi lọ́sàn-án tún burú jù fún irú oògùn yìí.

Mo máa ń kọ ọ́ fún àwọn kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ á kéré ní ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé, tí ojú àti àpòòtọ̀ rẹ̀ dára, tí rólọ́ọ̀nù ti kùnà fún. Aṣọ ìnuwọ́ tí a fi glycopyrronium rin tún wà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018 fún abíyá. Ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ojú, nítorí ọmọlójú rẹ̀ lè fẹ̀, kí ó má ríran dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Orí awọ tí kò bó ni a sì ti ń lò ó.

Bísọ́lá_Lẹ́kì

Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé a fẹ́ dé orí Botox, torí mo ti gbà á. HS tèmi kò le, kókó díẹ̀ lábíyá ọ̀tún ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé ni abíyá mi gbẹ, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ sí ìpàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì, kókó náà sì dínkù nínú oṣù wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà àágùn padà, bí dókítà náà ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, gbígún rẹ̀ sì ń dunni ju bí wọ́n ṣe ń pariwo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á ní ilé ìṣaralóge o. Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ̀kan. Nígbà tí mo béèrè fíríìjì tí wọ́n ń kó o sí, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ àwọn ti bàjẹ́ láti àná, ni mo bá jáde.

Dókítà_Yábàá

Ìbéèrè fíríìjì yẹn dára púpọ̀, kí gbogbo ènìyàn kọ́ ọ. Ìgò Botox tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n otútù 2 sí 8 ti Celsius, bí a bá sì ti pò ó tán, fíríìjì náà ni yóò wà, a ó sì lò ó kí wákàtí 24 tó kọjá. Ní ìlú tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ìwọ̀n tí a ń lò fún àágùn abíyá jẹ́ 50 yúnítì ní abíyá kọ̀ọ̀kan, tí a ń gún sí ojú mélòó kan nínú awọ, kì í jìn. Wọ́n fọwọ́ sí i fún èyí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, fún àwọn tí ìpara kò ràn lọ́wọ́, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń wà fún nǹkan bí oṣù 4 sí 9. Abíyá nìkan ni ó ń dá dúró, nítorí náà ó sàn fún irú Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá ju oògùn tí ń gbẹ gbogbo ara lọ, bí agbára bá ká owó rẹ̀.

Bí ó bá wá kan HS, ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ra. Ní Norway, wọ́n dán botulinum irú B, tí ó jẹ́ ìbátan Botox, wò lára 20 ènìyàn tí ó ní HS, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ìgbé ayé àwọn tí ó gbà á dára ju ti àwọn tí ó gba omi lásán lọ. Èyí fúnni ní ìrètí, ó sì bá ohun tí Bísọ́lá rí mu, ṣùgbọ́n 20 ènìyàn kò tó láti sọ ọ́ di ìtọ́jú HS fún gbogbo ayé. Ìtọ́jú àágùn ni mo fi ń kọ ọ́.

A kì í gún un sí ibi tí kòkòrò àrùn wà, nítorí náà abíyá tí ń ṣọyún kò yẹ fún un lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún dókítà yín bí ẹ bá lóyún, tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tí ẹ ní àìsàn tí ń mú iṣan rẹ̀. Ẹ tún sọ fún un bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún yín ní gentamicin. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gún un fún eéwo ní ìlú yìí, ó sì wà lára àwọn oògùn tí ó lè mú kí Botox lágbára ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Àwọn kan á tún sọ fún yín nípa ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì ooru pa orísun àágùn run láìpadà, miraDry. Fún ẹni tí ó ní HS, ẹ yẹra fún un. Wọ́n dán an wò ní Netherlands lára àwọn tí HS abíyá wọn kò le, àìsàn náà le sí i ní ìhà tí wọ́n tọ́jú, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé iṣan àágùn láyà náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni nínú yín dámọ̀ràn rẹ̀: àágùn tí ó kúrò ní ibì kan lè wá pọ̀ sí ẹ̀yìn àti itan, ẹ sì mọ ibi tí HS ń gbé.

Gbénga_Ìkẹjà

Ẹ má bínú, gbogbo yín, ṣùgbọ́n mo rò pé àágùn ti gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀ lójú òpó yìí. Ọdún mélòó ni mo fi ń wá bí abíyá mi ṣe máa gbẹ, tí ọ̀nà sì ń là lábẹ́ rẹ̀! Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ kan ṣí òrùlé àwọn ọ̀nà náà, tí ó nu inú wọn, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n san láti ìsàlẹ̀, ni mo tó sinmi. Mo ṣì ń làágùn bí ẹni tí ó gun òkè, kókó kò sì padà sí ibi tí wọ́n ṣí.

Nọ́ọ̀sì_Awọ

Ọ̀gbẹ́ni Gbénga, fún irú èyí tí ó dé ara yín, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí HS ṣe le tó ni a pín sí ìpele mẹ́ta tí a ń pè ní Hurley. Ní ìpele kìíní, kókó máa ń wú, kò sí ọ̀nà lábẹ́ awọ. Ní ìpele kejì, ọ̀nà àti àpá ti wà ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kẹta, wọ́n ti so mọ́ ara wọn káàkiri. Rólọ́ọ̀nù kò lè ṣe ohunkóhun fún ọ̀nà tí ó ti là, ẹni tí ó bá sì wà níbẹ̀ tí ó ṣì ń náwó lórí àágùn ń fi àkókò ṣòfò. Kí wọ́n kàn máa fi abẹ tú u kí ọyún jáde náà kò tó, nítorí ibẹ̀ kan náà ni ó máa ń padà sí; ó wúlò láti dín ìrora kù lọ́jọ́ tí ara kò gbà á mọ́, ìyẹn nìkan.

Ṣùgbọ́n bí Àdùkẹ́ ṣe ṣàlàyé, kókó rẹ̀ ti rọlẹ̀, ohun tí ń jí i ni ó ń béèrè. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, gbígbẹ abíyá jẹ́ apá kan ìtọ́jú, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ń bá ètò ààbò ara sọ̀rọ̀ náà wà, adalimumab ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún HS ní Amẹ́ríkà, ní 2015. Owó wọn ga gan-an, a sì gbọ́dọ̀ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn ẹ̀dọ̀ irú B wò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìtànṣán lésà Nd:YAG tí ń dín irun kù tún ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ó sì bá awọ dúdú mu ju àwọn lésà mìíràn lọ. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní àwọn dókítà awọ ara tí ẹ lè bá jíròrò èyí.

Àdùkẹ́_Marina

Ọlọ́run á bùkún gbogbo yín. Mo ti ra rólọ́ọ̀nù náà ní ilé oògùn, ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ torí òsì ṣì ń dun mí díẹ̀, kò ta mí ju bó ṣe yẹ lọ. Botox á dúró ná. Ìbéèrè kan ló kù: dókítà mi ní bí òsì kò bá rọlẹ̀, òun á yọ doxycycline kúrò, òun á fi rifampicin àti clindamycin rọ́pò rẹ̀. Ẹnìkan sọ fún mi pé rifampicin máa ń sọ àágùn di pupa. Ṣé òótọ́ ni, ṣé kò ní dí rólọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́?

Apòògùn_Súrùlérè

Òótọ́ ni. Àwọ̀ ọsàn pípọ́n ni, ó máa ń hàn nínú ìtọ̀, omijé àti àágùn, kò sì léwu. Ẹ kàn máa wọ ṣimí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú ní abẹ́ aṣọ ọ́fíìsì, nítorí àbàwọ́n náà kì í tètè kúrò lára aṣọ funfun. Ẹni tí ń lo lẹ́ǹsì inú ojú, kí ó padà sí dígí fún àkókò náà. Lílò tí a mọ̀ fún HS ni 300 mílígíráàmù oògùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, dókítà yín ni yóò pinnu tiyín.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò kí ẹ tó gbé èyí àkọ́kọ́ mì. Rifampicin jẹ́ òpó nínú ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, bí a bá lò ó lọ́nà àìtọ́ lára ẹni tí ó ní in láìmọ̀, kòkòrò náà lè kọ oògùn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ awọ sì lè fara jọ HS ní abíyá. Ó tún máa ń dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kù, èyí tí a ń gbé mì àti èyí tí a ń fi sí apá, nítorí náà ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ bí ẹ bá ń lo ọ̀kankan nínú wọn. Bí clindamycin bá fa ìgbẹ́ gbuuru tí ó le, ẹ dá a dúró kí ẹ sì pè wọ́n.

Rifampicin kò dí rólọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ẹ máa lò ó lọ ní ọ̀tún, lálẹ́, lórí awọ gbígbẹ. Òsì á dúró títí ìrora ibẹ̀ yóò fi tán.